Ogójì Obìnrin Tí Wọ́n Ní Wọn Ò Wá

Ogójì obìnrin, ogójì fọ́ọ̀mù, kò sì sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí kò mọ iye ọmọ tí òun bí. Lìádì, mẹ́rin. Sàlámátù, mẹ́fà. Kàrímọ́tù, méjì. Bámiṣayé ka gbogbo rẹ̀ láti òkè délẹ̀ ní fàráǹdà ilé rẹ̀ ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó bọ́ awò ojú, ó nù ún, ó sì rẹ́rìn-ín ẹ̀gàn.

"Irọ́ ni," ló wí.

Ìyáàfin Martha tó jókòó níwájú rẹ̀ gbé ife tíì sílẹ̀. Tíṣà àgbà tó ti fẹ̀yìn tì ni obìnrin náà, òun sì ni alága Ẹgbẹ́ Ìfẹ́ Ọmọnìkejì ti Lokoja, ẹgbẹ́ tó kọ́ ilé ìgbẹ̀bí kan sí orí òkè Agbájà ní ọdún méjì sẹ́yìn, lọ́dún tí Nàìjíríà gba òmìnira.

"Bàbá, ẹ ò tíì gbọ́ ohun tí mo bá wá, ẹ ti pè é nírọ́."

"Ẹni tó bá yẹ ṣáláńgá wò fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, ìyáàfin, kò dìgbà tí wọ́n bá júwe òórùn fún un."

Òótọ́ ló sọ. Wolé-wolé ni Bámiṣayé kó tó fẹ̀yìn tì. Láti Kàbà dé Lokoja, kò sí àmù tí kò ṣí, kò sí ẹ̀yìnkùlé tí kò yọjú sí. Nígbà tí ìjọba gba fìlà kakí lórí rẹ̀, ojú tó fi ń wo nǹkan kò bá fìlà lọ, àwọn ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ọ̀ràn tó bá ta kókó wá bá a. Kódà Sájẹ́ǹtì Táíwò ti àgọ́ ọlọ́pàá kì í fi gègé kan ìwé lórí ọ̀ràn líle láìkọ́kọ́ yà síbẹ̀. Àbùkù kan ṣoṣo ni ọkùnrin náà ní: kò lè fi ẹ̀gàn pamọ́. Bí o bá purọ́ fún un, ojú ló máa kọ́kọ́ fi nà ọ́ kó tó la ẹnu.

"Lọ́dún méjìléláàádọ́ta, nígbà ìkànìyàn," ó ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ, "mo fi oṣù méjì gbáko rìn ní ilẹ̀ Ọ̀wọ́rọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin iye ọmọ tí wọ́n bí. Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n fi dá mi lóhùn? Ọ̀kan ní Ọlọ́run ló mọ̀. Ọ̀kan bi mí bóyá mo fẹ́ kí àwọn ọmọ náà kú ni. Ọ̀kan da omi ìṣanwọ́ sí mi lẹ́sẹ̀. A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, ẹ̀yin náà mọ̀. Àfi Ọlákúnlé tiyín yìí. Ó gòkè Agbájà lọ́jọ́ kan ṣoṣo, ogójì obìnrin sì tò síwájú rẹ̀, wọ́n ń ka ọmọ fún un bí ẹni ń ka iṣu lórí àtẹ."

Ìyáàfin Martha kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀ràn náà ti wúwo ju ẹ̀rín lọ. Ẹgbẹ́ fẹ́ mọ̀ bóyá iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe ń ṣe ará ìlú láǹfààní, ni wọ́n bá ní kí ìwádìí wáyé. Ọlákúnlé, ọ̀dọ́mọkùnrin tó jáde ìwé mẹ́wàá, ni wọ́n rán. Ohun tó sì jáde nínú ìwádìí náà nìyí: ogójì obìnrin ní àwọn kò fẹsẹ̀ kan ilé ìgbẹ̀bí náà rí, pé ẹnu agbẹ̀bí ibẹ̀, Jẹ̀mílátù, mú ju abẹ lọ, àti pé inú oko ló tẹ́ àwọn lọ́rùn láti bímọ sí. Ìwé orúkọ, ìwé ńlá tí agbẹ̀bí ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá wá bímọ sí, sì ti di àwátì. Akọ̀wé ẹgbẹ́ ní Jẹ̀mílátù ló dáná sun ún kí wọ́n má bàa rí i pé òfìfo ni. Ó fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, ó sì ti ilé náà pa.

"Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, ìgbìmọ̀ máa lé Jẹ̀mílátù, wọ́n á sì kó ilé ìgbẹ̀bí wá sí Lokoja níbí," ni Ìyáàfin Martha wí. "Ọ̀sẹ̀ méjì ni ilẹ̀kùn yẹn ti wà ní títì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá wọ́n gbé obìnrin kan sọ̀kalẹ̀ lórí ẹní. Ọmọ rẹ̀ kú kí wọ́n tó dé ìsàlẹ̀ òkè. Òmíràn tún wà níbẹ̀ tí oyún rẹ̀ ti pé oṣù, Kàrímọ́tù lorúkọ rẹ̀. Bí ìwádìí yìí bá jẹ́ òótọ́, a ti fi owó àti agbára ṣòfò. Bí ó bá jẹ́ irọ́, bàbá, àwa la pa ọmọ yẹn."

Bámiṣayé gbé fọ́ọ̀mù kan sókè síhà oòrùn. "Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Ọlákúnlé ní ẹ̀rọ?"

"Akọ̀wé wa ló tẹ̀ ẹ́, Ọ̀gbẹ́ni Jacob Ọlájídé. Ó ní ọwọ́ Ọlákúnlé kò ṣe é kà."

"Èyí tí Ọlákúnlé fi ọwọ́ kọ dà?"

"Ó ní òun ti sun ún, pé ìdọ̀tí ti pọ̀ jù ní ọ́fíìsì."

"Ilé ẹgbẹ́ yín mà kúkú fẹ́ràn iná o," ni Bámiṣayé wí, ó sì wọ bàtà rẹ̀.

Ìdíkọ̀ tó wà lẹ́bàá odò ló kọ́kọ́ lọ. Mùkáílà, awakọ̀ tó máa ń gbé ẹrù ẹgbẹ́, wà lábẹ́ lọ́rì rẹ̀, ẹsẹ̀ méjèèjì nìkan ló yọ síta. Ẹsẹ̀ náà ni Bámiṣayé bá sọ̀rọ̀.

"Mùkáílà, ìwọ lo gbé Ọlákúnlé lọ sí Agbájà lóṣù tó kọjá?"

"Èmi ni, bàbá."

"Títí dé òkè?"

Ìró irin tó ń dún lábẹ́ lọ́rì dáwọ́ dúró. "Wàláhì, bàbá, èmi ò fẹ́ ìjọ̀ngbọ̀n."

"Ó ti bá ọ. Jáde wá."

Mùkáílà fà jáde, ó ń fi èkísà nu ọwọ́. "A dé ìsàlẹ̀ òkè. Lọ́rì ò lè kọjá ibẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ ló kù. Ó wo òkúta, ó wo bàtà rẹ̀. Bàtà funfun ló wọ̀. Ló bá ní ká lọ jókòó sídìí ẹlẹ́mu. Ibẹ̀ la wà títí oòrùn fi rọ̀. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, kí n ní òun débẹ̀."

Ẹlòmíràn ì bá dúró níbẹ̀, kó ní òun ti mú olè. Bámiṣayé kàn tu itọ́ sílẹ̀, ó kọjá sí Adankolo níbi tí Ọlákúnlé háyà yàrá sí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ń fi epo pa irun nígbà tó wọlé. Bàtà funfun náà wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó mọ́ tónítóní.

"Lọ́rì ló bàjẹ́ lọ́nà, bàbá, ọ̀nà yẹn kò dára, oòrùn sì mú," ni Ọlákúnlé bẹ̀rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bi í. Ọ̀bùn ríkú ọkọ tìrọ̀ mọ́.

"N kò bi ọ́ nípa lọ́rì. Níbo lo ti kọ ìdáhùn ogójì obìnrin?"

Ọlákúnlé wo ilẹ̀. "Inú yàrá yìí ni."

"Kí lo kọ?"

"Mo kọ pé gbogbo wọn ń dúpẹ́. Pé agbẹ̀bí ń tọ́jú àwọn dáadáa. Pé kí ẹgbẹ́ má ṣe dáwọ́ dúró."

Bámiṣayé yọ fọ́ọ̀mù kan lápò, ó nà á sí i. "Ka èyí."

Bí Ọlákúnlé ṣe ń kà á ni ojú rẹ̀ ń yí padà. "Èyí kì í ṣe tèmi. N kò bú agbẹ̀bí náà. N kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n."

"Orúkọ àwọn wo lo kọ?"

"Àṣàbí, Ìyábọ̀, Modúpẹ́. Orúkọ àwọn ìyá ọ̀rẹ́ mi tí a jọ lọ síléèwé ni mo tò. N kò mọ Lìádì kankan."

"Ìgbà tí o sì gbọ́ pé wọ́n ti ilé ìgbẹ̀bí pa nítorí ìwádìí rẹ, o dákẹ́."

"Kí ni n bá sọ, bàbá? Pé irọ́ tí mo pa kọ́ ni irọ́ yìí?"

Bámiṣayé wò ó títí, ó sì gbà á gbọ́. Kì í ṣe pé ó káàánú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n rán láti lọ gbọ́ ohùn àwọn obìnrin, tó jókòó sídìí ẹlẹ́mu nítorí bàtà, kò yẹ lẹ́ni tí à ń káàánú. Ṣùgbọ́n irọ́ ọ̀lẹ a máa dùn. Ọ̀lẹ fẹ́ kí gbogbo nǹkan máa lọ bó ṣe ń lọ, kí ẹnikẹ́ni má bàa pè é padà láti tún iṣẹ́ ṣe. Irọ́ tó bá korò, ẹni tó ń wá nǹkan ló pa á. Ohun tó wá ku Bámiṣayé láti mọ̀ kò ju méjì lọ: kí ni òpùrọ́ kejì ń wá, àti níbo ló ti rí orúkọ ogójì obìnrin Ọ̀wọ́rọ̀?

"Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, wá sí ìpàdé," ó sọ fún Ọlákúnlé. "Wọ bàtà yẹn wá."

Kò ṣòro láti mọ ohun tí Jacob Ọlájídé ń wá. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri. Lọ́jọ́ kejì tí Bámiṣayé wọ ọ́fíìsì ẹgbẹ́, àwòrán ilé ńlá kan ló kọ́kọ́ rí, ilé ìgbẹ̀bí tuntun tí wọ́n fẹ́ kọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì ní Lokoja. Wọ́n ti ya ẹnu ọ̀nà sí i, wọ́n ti ya òdòdó sí i, wọ́n sì ti fi àyè gbọọrọ kan sílẹ̀ lókè ẹnu ọ̀nà fún orúkọ. Akọ̀wé fúnra rẹ̀ wọ kóòtù dúdú pẹ̀lú táì nínú ooru oṣù kẹta, òógùn ń ṣàn sí i lọ́rùn, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé ooru ń mú òun.

"Àwọn kan nínú ìgbìmọ̀ ní kí á fi orúkọ mi sọ ọ́," ó wí, nígbà tó rí ibi tí Bámiṣayé ń wò. "Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n ẹ mọ bí àwọn ènìyàn ṣe rí."

"Mo mọ̀ wọ́n dáadáa."

"Ta ló máa gun òkè Agbájà láti lọ wo iṣẹ́ wa, bàbá? Bí àwọn ẹni ńlá bá wá láti Kàdúná, ṣé kí á ní kí wọ́n máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ gun òkúta? Ibi tí ojú ti lè rí iṣẹ́ ló yẹ kí iṣẹ́ wà."

"Mo rò pé ibi tí aboyún wà ni."

"Aboyún kì í lọ síbẹ̀. Ẹ sáà ti ka ìwádìí. Ogójì nínú ogójì ló ní àwọn kò lọ. Kí la tún ń wá?"

"Ogójì nínú ogójì," ni Bámiṣayé wí. "Bí ẹ bá bi ogójì ènìyàn bóyá oòrùn yọ lónìí, ẹnì kan nínú wọn á ní ojú ń dun òun, òun ò rí i. Ẹ ti dé Agbájà rí?"

"Lẹ́ẹ̀kan, ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù yìí. Ẹṣin ni wọ́n fi gbé mi."

"Ṣáájú kí ẹ tó tẹ àwọn fọ́ọ̀mù, àbí lẹ́yìn rẹ̀?"

"Ṣáájú ni. Ọ̀sẹ̀ tí mo dé ni mo tẹ̀ wọ́n."

"Ẹ rí ìwé orúkọ ibẹ̀?"

"N kò fojú kàn án rí. Obìnrin yẹn ti sun ún kí n tó débẹ̀, nítorí pé òfìfo ni."

"Ẹ ò rí i, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé òfìfo ni."

Jacob fa áńkáṣífì yọ, ó nu ọrùn. "Mo ní n kò rí i. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀."

Bámiṣayé kò kọ nǹkan kan. Ó mọ̀ pé òpùrọ́ ló wà níwájú òun, ṣùgbọ́n ìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀rí. Ọ̀rọ̀ ẹnu agbẹ̀bí tó ń gbé orí òkè àti ọ̀rọ̀ ẹnu akọ̀wé tó wọ táì, èwo ni ìgbìmọ̀ máa gbà? Àwọn ènìyàn Lokoja wọ̀nyẹn á gba táì gbọ́ kódà bó bá jẹ́ ọrùn ewúrẹ́ ni wọ́n so ó mọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, ó ju ẹsẹ̀ ọmọ ọgọ́ta ọdún sórí òkúta, ó sì gun òkè náà. Ọ̀sán ti pọ́n kó tó dé ilé Lìádì, ẹni tí fọ́ọ̀mù ní ó bí ọmọ mẹ́rin. Obìnrin náà ń ṣa ẹ̀wà lábẹ́ igi, ọmọ ọwọ́ kan sùn lẹ́yìn rẹ̀.

"Ọ̀kún o," ni Bámiṣayé fi èdè ibẹ̀ kí i.

"Ọ̀kún, bàbá. Ẹ kú oòrùn."

Bámiṣayé jókòó, ó gba omi mu, ó bá a ṣa ẹ̀wà díẹ̀. Kò béèrè iye ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀. Ìkòkò dúdú tó wà lórí ààrò ló tọ́ka sí. "Ìkòkò yìí mà tóbi o. Àwọn ta ló ń jẹ nínú rẹ̀?"

"Ọkọ mi ni, àti èmi. Ìyá ọkọ mi. Lẹ́yìn náà Ràmátù, Ìdírísù, Àwáwù, Sùlè. Mùnírátù tó wà lẹ́yìn mi yìí náà ti ń fi ọwọ́ tọ́ ọ wò."

Nínú àpò, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè rí i, Bámiṣayé ń ká ìka ọwọ́ kọ̀ọ̀kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń ṣe nígbà ìkànìyàn nìyẹn, nígbà tó rí i pé ẹni tó bá béèrè iye, omi ìṣanwọ́ ló máa gbà. Ìka márùn-ún. Fọ́ọ̀mù ní mẹ́rin.

"Ẹnikẹ́ni ti wá bi yín nípa ilé ìgbẹ̀bí?"

"Kò sẹ́ni tó wá."

"Ibẹ̀ lo bí Mùnírátù sí?"

Lìádì wò ó bí ẹni tó béèrè ibi tí omi ti ń wá. "Ibo ni n bá tún bí i sí?"

Ó dé ilé méje lọ́jọ́ náà. Nílé Sàlámátù, ó ká ìka méje, fọ́ọ̀mù ní mẹ́fà. Nílé Kàrímọ́tù, tó fi ọwọ́ ti ẹ̀yìn bó ṣe ń rìn nítorí oyún tó ti wọ̀, ó ká mẹ́ta, fọ́ọ̀mù ní méjì. Ilé méjèèje ló rí bẹ́ẹ̀. Ó wá jókòó sórí òkúta kan, ó fọwọ́ lérán. Ẹni tó ń méfò á dín níbì kan, á lé níbì kan, á sì bá a mu níbì kan. Ẹni tó bá ń dín ọ̀kan péré ní ilé méje tẹ̀léra, kò méfò. Nǹkan kan ló ń wò kọ. Kí wá ni nǹkan náà tó wà lórí òkè yìí, tó mọ orúkọ gbogbo obìnrin, tó sì ń fi ọ̀kan dín gbogbo ọmọ wọn?

Iwájú ilé ìgbẹ̀bí ló ti bá Jẹ̀mílátù. Ó gbé àpótí kan tì sí ẹnu ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, ó jókòó lé e. Àṣíborí funfun rẹ̀ wà lórí, bí ẹni pé ilẹ̀kùn náà lè ṣí nígbàkigbà.

"Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìjókòó."

"Ẹ̀yin náà dé. Ọjọ́ mélòó lẹ ti ń wádìí mi?"

"Ọjọ́ mẹ́ta."

"Àwọn ta lẹ ti bi?"

"Alága yín, awakọ̀, Ọlákúnlé, akọ̀wé, obìnrin méje."

"Èmi ni mo wá ṣe ìkejìlá," kò rẹ́rìn-ín bó ṣe wí i. "Mùkáílà tó sùn sábẹ́ lọ́rì ṣáájú mi."

Bámiṣayé tó ti fi ojú tẹ́ńbẹ́lú gbogbo Lokoja láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni," ló sọ, ó sì dùn ún láti sọ ọ́.

Jẹ̀mílátù sọ tirẹ̀. Orí tábìlì ni ìwé orúkọ wà ní òwúrọ̀ tí akọ̀wé dé. Akọ̀wé ní òùngbẹ ń gbẹ òun, pé kí Jẹ̀mílátù lọ bu omi tútù wá láti ilé baálẹ̀. Nígbà tó padà dé, akọ̀wé ti gun ẹṣin, àpò rẹ̀ sì ti wú. Ó sọ bẹ́ẹ̀ fún sájẹ́ǹtì, sájẹ́ǹtì ní ó dàbí ẹni pé ó ń purọ́ mọ́ ọmọlúwàbí.

"Nínú ìwé yẹn," ni Bámiṣayé wí, "ṣé ẹ máa ń kọ iye ọmọ tí obìnrin ti bí?"

"Ìjọba ló ní kí a máa kọ ọ́."

"Wọ́n ń sọ fún yín?"

"Rárá o. Ta lẹ̀gbọ́n eléyìí, ta ló tẹ̀lé e, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣà á jọ lẹ́nu wọn."

"Ẹ sì ń kọ ọ́ bó ṣe jẹ́?"

Fún ìgbà àkọ́kọ́, obìnrin náà gbé ojú kúrò lára rẹ̀. "Bàbá, iṣẹ́ ìjọba ni. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo máa ń yọ ọ̀kan kúrò."

Bámiṣayé sún mọ́ ọn.

"Mo ti ṣèlérí fún wọn pé n kò ní ka ọmọ wọn pé. Bí n kò bá ṣèlérí, wọn ò ní wá. Ìjọba ní dandan kí n kọ iye. Mo wá ń fi ọ̀kan sílẹ̀ láìkà nínú ti gbogbo wọn. Ẹni tó bá bí méje, mo kọ mẹ́fà."

"Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bí àkọ́bí ńkọ́?"

"Mo kọ òdo."

Bámiṣayé tú ìdì fọ́ọ̀mù sílẹ̀ lórí itan, ó wá mẹ́ta jáde nínú wọn. Ó ti rí wọn lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ó rò pé ẹ̀rọ ló ṣì tẹ̀. Obìnrin mẹ́ta, ọmọ: òdo, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ní inú oko làwọn bímọ sí. Jacob Ọlájídé, ọ̀mọ̀wé, ẹni tó mọ ìwádìí, tẹ èyí pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀, kò sì bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí obìnrin tí kò bímọ lọ bí nínú oko.

"Ta ló mọ̀ pé ẹ ń yọ ọ̀kan?"

"Èmi àti Ọlọ́run."

Bámiṣayé bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe ẹ̀rín ẹ̀gàn rẹ̀ àtijọ́. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó gbàgbé pé orúnkún ń ro òun.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ìgbìmọ̀ pé jọ ni ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í ro Kàrímọ́tù. Jẹ̀mílátù wò ó, ó ní ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́. Abẹ, òwú, oògùn, gbogbo ohun èlò rẹ̀ wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn tí wọ́n tì, kọ́kọ́rọ́ sì wà lọ́wọ́ akọ̀wé ní Lokoja. Ó sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀, òun àti Lìádì àti àwọn obìnrin márùn-ún yòókù, Mùkáílà sì gbé wọn láti ìsàlẹ̀ òkè.

Ènìyàn mọ́kànlá ló jókòó nínú gbọ̀ngàn ẹgbẹ́, wọ́n wọ aṣọ tó le gbangba, wọ́n ń fi ìwé fẹ́ ara wọn. Àwọn mẹ́sàn-án nínú wọn kò dé Agbájà rí. Jacob Ọlájídé ka ìròyìn rẹ̀ bí ẹni ń ka Bíbélì, wọ́n sì ń mi orí. Nígbà tó parí, Bámiṣayé dìde láti ẹ̀yìn, Sájẹ́ǹtì Táíwò dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìbéèrè kékeré kan, akọ̀wé. Ẹ tún sọ fún ìgbìmọ̀: ẹ rí ìwé orúkọ Agbájà rí?"

"N kò fojú kàn án rí."

"Ẹnu Ọlákúnlé lẹ sì ti gba ogójì orúkọ yìí?"

"Lọ́wọ́ rẹ̀ ni."

Ọlákúnlé dìde nínú bàtà funfun, ohùn rẹ̀ kò ju ti eṣinṣin lọ. "Alága, ẹ dárí jì mí. N kò dé Agbájà. Orúkọ tí mo kọ kì í ṣe wọ̀nyí. N kò sì bú agbẹ̀bí."

Ariwo ta. Jacob na ọwọ́ sókè. "Òpùrọ́ ni lẹ́nu ara rẹ̀. Ṣé òun lẹ fẹ́ gbà gbọ́?"

"Ẹ má gbà á gbọ́," ni Bámiṣayé wí. "Ẹ gba fọ́ọ̀mù akọ̀wé gbọ́. Ọmọ mélòó ló kọ fún Lìádì, alága?"

"Mẹ́rin," ni Ìyáàfin Martha kà.

"Lìádì, ta ni àwọn tó ń jẹun nínú ìkòkò rẹ?"

Lìádì dárúkọ wọn. Ìyáàfin Martha, tó ṣe tíṣà fún ọgbọ̀n ọdún, ká ìka rẹ̀ sábẹ́ tábìlì. Sàlámátù tẹ̀lé e. Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kò sẹ́ni tó ń fi ìwé fẹ́ ara rẹ̀ mọ́.

"Ará oko ni wọ́n, wọn kò mọ òǹkà," ni Jacob wí.

"Ilé méje, akọ̀wé, ọ̀kan ló dín ní ilé kọ̀ọ̀kan. Ibì kan ṣoṣo ló wà láyé tí ọmọ àwọn obìnrin yìí ti ń dín ọ̀kan. Nọ́ọ̀sì, ẹ sọ fún wọn."

Jẹ̀mílátù sọ ọ́, kò fi ọ̀rọ̀ ṣe ẹ̀ṣọ́. Nígbà tó dé ibi òdo, Bámiṣayé gbé fọ́ọ̀mù mẹ́ta náà síwájú alága, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ sì rẹ́rìn-ín láìmọ̀.

"Ẹni tó kọ fọ́ọ̀mù yìí, inú ìwé orúkọ ló ti dà á kọ," ni Bámiṣayé wí. "Ó nílò orúkọ tòótọ́, ó sì ṣe ọ̀lẹ láti wá a, ó wá jí i. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, nítorí akọ̀wé yín kò ronú kàn án. Inú ìwé orúkọ, àwọn tó wá bímọ nìkan ló wà níbẹ̀. Ogójì obìnrin tó ní wọn ò wá rí, àwọn gan-an ló wá. Fúnra rẹ̀ ló to orúkọ wọn fún yín."

Sájẹ́ǹtì Táíwò ti jáde lọ sí ọ́fíìsì. Ìgbà tó padà dé, ìwé ńlá aláwọ̀ búlúù kan wà ní apá rẹ̀. Inú kọ́bọ́ọ̀dù ara ògiri tí àwòrán ilé tuntun bò ló ti rí i. Jacob ń wo táì ara rẹ̀. Ó ní òun fẹ́ kí ẹgbẹ́ tẹ̀ síwájú ni. Àwọn tó ti ń mi orí fún un ní wákàtí kan sẹ́yìn ti gbé àga wọn sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni pé wọn kò bá a jẹun rí.

Jẹ̀mílátù kò wo ìwé náà. Ó rìn lọ bá Jacob, ó na ọwọ́. "Kọ́kọ́rọ́."

Jacob yọ ọ́ lára ìdì kọ́kọ́rọ́ tirẹ̀, ó fi lé e lọ́wọ́. Ìyáàfin Martha dìde, omi wà lójú rẹ̀. "Nọ́ọ̀sì, ẹ jókòó. Ìgbìmọ̀ fẹ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ yín. Mo dábàá pé kí á kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo wa sì fọwọ́ sí i."

"Mo gbè é lẹ́yìn," ni ọkùnrin kan wí láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, òun tó kọ́kọ́ mi orí fún Jacob.

Jẹ̀mílátù ti dé ẹnu ọ̀nà. Ó tún àṣíborí rẹ̀ so.

"Ẹ kọ ọ́," ló wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ ìwé kọ. Kàrímọ́tù ń rọbí."

Ó jáde, àwọn obìnrin mẹ́fà tẹ̀lé e. Nígbà tí wọ́n ń wá ẹni tó máa ka àbá náà jáde nínú gbọ̀ngàn, Mùkáílà ti ṣáná sí lọ́rì.